Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Kẹ́yìn

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó inú fóònù yín yìí mọ̀ mí ni?"

Ìyàwó ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ọsibítù. Kò pariwo. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye tí aago lù. Ìyá Rọra, olórí ilé ìfọṣọ, ló bi. Fóònù wà lọ́wọ́ Ìyá Rọra, àwòrán owó onírin kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí tán lójú fóònù náà. Ìhà orí ló ṣí sókè. Bí ìhà ẹ̀yìn bá ṣí sókè ni, Ìyàwó ì bá bọ́. Orí ló jáde, ìyẹn ni pé òun ni yóò tún wọ yàrá àpò pupa lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ó mọ̀ ọ́ kẹ̀!" Ẹlẹ́rìn-ín ló gba ọ̀rọ̀ náà kí olórí tó lanu. Kò sí ohun tí obìnrin yìí kì í fi rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. "Bó bá ti jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú tìẹ ló kọ́kọ́ ń wá. Má bínú sí i, ìfẹ́ ni."

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un kó fẹ́ ẹlòmíì."

Àǹtí Awò, tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Fọkàn balẹ̀, Ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta léra nìyí tó mú ọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dandan ni kó fò ọ́. Á ti sú u."

"Kò ní sú u," Ìyá Rọra sọ. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé rẹ̀, kò gbójú sókè. "Owó kì í rántí ohun tó ṣe lánàá. Kò mọ Ìyàwó, kò mọ èmi tí mo ni fóònù. Ohun tó bá sọ ló sọ. Ìyàwó, lọ wọ ìbọ̀wọ́."

Ìyàwó lọ.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀ rí lè má mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Aṣọ tó bá wá láti yàrá iṣẹ́ abẹ àti yàrá ìgbẹ̀bí, inú àpò pupa ni wọ́n máa ń dì í sí. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, èébì wà níbẹ̀, àwọn nǹkan tí èèyàn kì í dárúkọ nídìí oúnjẹ sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá tú àwọn àpò wọ̀nyí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé kan àti ọpọ́n sìmẹ́ńtì méjì. Á ṣa aṣọ náà ní oríṣiríṣi, á wá abẹ́rẹ́ tí dókítà gbàgbé sínú rẹ̀, á rẹ ẹ́ sínú omi oògùn tó ń ta nímú tó sì ń bó àwọ̀ ìka àní pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Àwọn yòókù á ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó wà nídìí àpò pupa kò lè ṣíwọ́ kí aago mẹ́fà tó lù, nítorí pé aago mẹ́rin ni wọ́n ń gbé èyí tó kẹ́yìn wá. Wọ́n ti gbìyànjú láti máa ṣe é ní ẹsẹẹsẹ rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá kàn gan-an ni àìsàn máa ń kọ lù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ẹni tó bá sì bá a ṣe é lọ́sẹ̀ náà, kì í rí ẹni san án padà fún un. Ìjà ọ̀hún kò tán títí wọ́n fi pa ètò náà tì.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Rọra ti lò nílé ìfọṣọ yìí. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ọjọ́ tí kò ní sọ fún ẹnì kan pé kó rọra: rọra nà án, rọra ká a, rọra kà á. Ọgbọ̀n aṣọ ibùsùn ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìdì kan, bó bá sì fọwọ́ kan ìdì tó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ìṣirò yòókù, ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ ọ. Bí ọmọ náà bá jókòó sídìí iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un ṣe wálé, ìyá rẹ̀ á fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, á ní kó tún un sọ, kó tún un sọ. Ó ti pé ọmọ ogójì ọdún kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín nọ́mbà gígùn, ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n, gbogbo ìwé iná mànàmáná tó wà nínú ilé ló fi pín nọ́mbà tán. Ọmọ ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ó ti lọ sí ilé ọkọ nílùú mìíràn. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá wé.

Kó tó di olórí, ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ojú ló fi ń yan ẹni tó máa lọ sídìí àpò pupa. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀ lè má rí yàrá náà fún oṣù mẹ́ta. Ìyá Rọra kò mọ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Ọdún méjì gbáko ló fi wà nínú yàrá yẹn, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi í jẹ olórí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ bá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ: ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní sí nínú ọ̀rọ̀ àpò pupa mọ́, títí kan ọwọ́ òun.

Owó onírin gidi ló kọ́kọ́ lò. Àwọn méjì péré ló wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, Àǹtí Awò àti Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ju owó náà sókè lọ́jọ́ kan, ó yí wọ abẹ́ ẹ̀rọ ńlá, àwọn méjèèjì sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì láti wò ó. Àǹtí Awò ní ẹ̀yìn lòun rí. Ẹlẹ́rìn-ín ní ẹni tó ń wọ awò tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́rìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi kí ara wọn. Ìgbà tí ọmọ Ìyá Rọra gbọ́, ó ní, "Màmi, ẹ mú fóònù yín wá." Ó fi owó kan síbẹ̀ tí kò lè yí wọ abẹ́ ohunkóhun. Èèyàn á kàn tẹ̀ ẹ́, á fò sókè, á yí, á dùbúlẹ̀, gbogbo ojú á sì rí i. Ìyá Rọra fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ní ọwọ́ òun ló jù ú lódì.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kẹta dé, wọ́n gba obìnrin kẹta síṣẹ́. Ọmọ méjì ni obìnrin náà ti bí nílé ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nílé ìfọṣọ, òun ló dé kẹ́yìn, Ìyàwó sì ni wọ́n ń pè é. Wọn ò yí ètò owó padà, wọ́n kàn fi í kún un. Bó ṣe yẹ ọmọlúàbí, àwọn àgbà ló ń kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Owó á yí láàárín Àǹtí Awò àti Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹni tí owó kò bá mú, ó bọ́ nìyẹn, á lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá mú á wá dúró pẹ̀lú Ìyàwó, wọn á tún tẹ owó náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tó bá sì mú nínú àwọn méjèèjì ló ni àpò pupa. Kò sí ẹni tó rí àléébù kankan níbẹ̀. Ìyàwó pàápàá gbà pé àpọ́nlé ni, pé wọ́n ń jẹ́ kí òun dúró sẹ́yìn títí àwọn ẹ̀gbọ́n òun á fi parí tiwọn.

Oṣù mẹ́fà dín díẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Lọ́jọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, Ìyá Rọra ṣí ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tí Ìyàwó lọ wọ ìbọ̀wọ́, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Awò, mẹ́fà. Ẹlẹ́rìn-ín, márùn-ún. Ìyàwó, mẹ́tàlá.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́tàlá ni.

Ohun tó sì mú kí mẹ́tàlá yìí wúwo ni pé Ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni kíláàsì wọn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní yàrá òkè kan tí kò jìnnà sí ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ tó bá wà nídìí àpò pupa, kò lè lọ. Olùkọ́ aránṣọ náà ti bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn méje ló wà níta tó ń dúró de àyè. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó pè é lórí fóònù, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta: bó bá tún fi lè pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ lódindi, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́, ẹlòmíràn ló máa jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílé ìfọṣọ. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, níṣojú gbogbo wọn, kí owó tó yí.

Ìyá Rọra kò lè yí ohun tí owó sọ padà torí pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan káni lára. Bó bá yí i padà lónìí fún ẹni tó ń kọ́ aránṣọ, ọ̀la ni ti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó mọ̀ pé òun kò ṣojúsàájú. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá owó náà ń ṣe é.

Nítorí náà, ó gbé e lọ sílé, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí èèyàn ṣe ń yẹ òṣùwọ̀n wò. Ó fa ìlà sáàárín tákàdá, ó kọ orí sí apá kan, ẹ̀yìn sí apá kejì, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, igba ìgbà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, igba mìíràn. Láàárín kan, orí jáde lẹ́ẹ̀mẹ́jọ léra láìsí ẹ̀yìn kan láàárín, Ìyá Rọra sì gbé fóònù sílẹ̀, ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bá a lọ. Nígbà tó ka gbogbo rẹ̀, orí jẹ́ igba ó lé méje, ẹ̀yìn jẹ́ igba ó dín méje. Ó wá yé e pé kí nǹkan jáde lẹ́ẹ̀mẹ́jọ léra kì í ṣe idán, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó, á rí i. Owó kì í tún ara rẹ̀ ṣe kó tó dọ́gba, ó kàn ń lọ ni, ìgbà tó bá sì lọ jìnnà, ìdajì á fara hàn fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó lọ bá Ìyàwó nínú yàrá kékeré. Ìyàwó ti pa kíláàsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló kù.

"Mo ti yẹ owó náà wò nígbà irinwó," Ìyá Rọra sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Kò ní ẹ̀bi. Kò fì sí ibì kankan."

Ìyàwó ń tú aṣọ sílẹ̀, ó ń fi ojú wá abẹ́rẹ́. "Mo gbà yín gbọ́, Màmá. Ẹ kì í purọ́."

"Ó dára."

"Ẹ jẹ́ n bi yín ní ọ̀kan sí i. Owó ò ní ẹ̀bi. Ẹ̀yin náà ò ní ẹ̀bi, mo mọ̀. Àwọn àǹtí mi ò fọwọ́ kan fóònù. Ta ló wá ń gbé mi wọ ibí?"

"Bóyá bó ṣe bọ́ sí ni."

"Mẹ́tàlá, Màmá?"

Ìyá Rọra wo ọpọ́n tó wà níwájú Ìyàwó. Ó ní, "Máa rọra, má jẹ́ kí omi yẹn ta sí ọ lójú," ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ronú pé owó nìkan lòun ti yẹ̀ wò, òun kò tíì yẹ bí àwọn ṣe ń lò ó wò. Ó mú bọ́tìnnì mẹ́ta láti inú agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀: dúdú fún Àǹtí Awò, funfun fún Ẹlẹ́rìn-ín, pupa fún Ìyàwó. Ó tò wọ́n sórí tábìlì gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dúró. Dúdú àti funfun kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Èyí tó bá mú á wá dojú kọ pupa. Ó fi owó inú fóònù ṣe é nígbà ọgọ́ta, ó kà á, pupa ti mú ọgbọ̀n. Ó ní ó lè jẹ́ àṣìṣe. Ó tún ṣe ọgọ́ta mìíràn. Nígbà tí ọgọ́fà pé, dúdú mú méjìdínlọ́gbọ̀n, funfun mú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Pupa mú mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Bọ́tìnnì ni o. Kò ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kankan, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kó tó jáde nílé, ó fi bírò ṣe é. Ó kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún sókè. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí owó yí, ìdajì á mú Àǹtí Awò, méjìlá, ìdajì á mú Ẹlẹ́rìn-ín, méjìlá. Nínú méjìlá ti Àǹtí Awò, òun àti Ìyàwó á pín in: mẹ́fà, mẹ́fà. Nínú méjìlá ti Ẹlẹ́rìn-ín, òun àti Ìyàwó á tún pín in: mẹ́fà, mẹ́fà. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Àǹtí Awò mẹ́fà. Ẹlẹ́rìn-ín mẹ́fà. Ìyàwó mẹ́fà àti mẹ́fà.

Ó wo méjìlá yẹn títí. Àwọn àgbà ní ìgbà méjì tí wọ́n lè bọ́. Ẹni tí wọ́n ń pè kẹ́yìn ní ẹyọ kan. Àpọ́nlé tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun gan-an ló ń ti ọmọ ọlọ́mọ wọ yàrá. Ìyá Rọra fúnra rẹ̀ ló sì gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun tó ń ka ìdì aṣọ nígbà mẹ́ta.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí àwọn méjì yòókù ti lọ sílé, ó wọ yàrá kékeré pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

"Bọ́ tìẹ," ó sọ.

Ìyàwó wò ó. "Màmá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é. Bọ́ ìbọ̀wọ́, fọ ọwọ́ rẹ dé ìgbọ̀nwọ́, lọ sí kíláàsì. Aago mẹ́rin ò ní dúró dè ọ́."

"Àpò ṣì ń bọ̀, Màmá. Mẹ́jọ ni wọ́n gbé wá lánàá."

"Mo mọ iye tí wọ́n ń gbé wá. Mo ti ń tú u kí wọ́n tó bí ọ."

"Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi wà níbi tó wà. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n bẹ̀ ọ́ ni?"

Ìyàwó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó sáré débi pé aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ lọ. Àpò mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé wá nírọ̀lẹ́ yẹn, Ìyá Rọra sì tú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun náà ló parí rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ ná. Ó kó bọ́tìnnì mẹ́ta sórí tábìlì, ó ṣí ìwé tó fi bírò kọ, ó sì ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn, díẹ̀díẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò wá ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó ní ètò òun kò dọ́gba láti ọjọ́ tí Ìyàwó ti dé, pé fún ẹni méjì ó pé, fún ẹni mẹ́ta ó wọ́, òun kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àǹtí Awò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ dúró ná, Màmá. Ó wá di ẹ̀ṣẹ̀ báyìí kí àgbà kọ́kọ́ bọ́ síwájú?"

"Nídìí oúnjẹ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Níbí, ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ síwájú ń rí ọ̀nà méjì sá. Ẹni tó dúró kẹ́yìn ń rí ẹyọ kan."

"Àwa ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Ẹlẹ́rìn-ín ti fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ẹ wò ó, Màmá, ẹ kọ ọ́ síbí pé méjìlá ló yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ Ìyàwó nínú ètò wa. Mẹ́tàlá ló ṣe. Ti ta ni ọ̀kan yẹn?"

"Ti owó ni. Owó lè fì díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, kò sí ẹni tó jẹ̀bi rẹ̀. N ò ní gba ọ̀kan yẹn." Ó yíjú sí Ìyàwó. "Bí mo bá ti ṣe é bó ṣe yẹ, mẹ́jọ ni ì bá jẹ́ ìpín rẹ, bíi tàwọn yòókù. Ètò mi sọ ọ́ di méjìlá. Mo jẹ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Láti òní, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo máa fi wà nídìí àpò pupa."

"Ẹ̀yin, Màmá?" Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu. "Háà, n ò gbà á o. Mo ti gbà pé ó ti tán. Olùkọ́ wa ò tíì lé mi, mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì."

"Èmi ò bi ọ́ bóyá o gbà á."

"Àwa méjèèjì la jẹ àǹfààní rẹ̀," Àǹtí Awò sọ. Ojú ń tì í, ó sì ń gbìyànjú kó má hàn. "Ẹ jẹ́ ká pín in. Méjì méjì, èmi àti Ẹlẹ́rìn-ín."

"Rárá. Ẹ̀yin ò gbé ètò kalẹ̀."

Ó wá fi ètò tuntun hàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò máa tẹ owó náà, fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ẹnì kan ń lọ kó tó parí. Bí orí bá tẹ̀lé orí, Àǹtí Awò. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀lé orí, Ẹlẹ́rìn-ín. Bí orí bá tẹ̀lé ẹ̀yìn, Ìyàwó. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ́gba. Èyí tó kù, ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, bó bá jáde, wọn á tún un tẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín tẹ orí wo ìlà kẹrin tó ṣófo yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Àǹtí Awò bi í.

"Àyè kan ló kù yìí. Èèyàn mẹ́rin la wà nínú yàrá yìí, tí mo bá mọ̀ ọ́n kà. Màmá, kí ló dé tí ẹ ò fi ara yín síbẹ̀?"

Àǹtí Awò fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ìyàwó wolẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ìfọṣọ náà, olórí kì í tú àpò pupa. Iṣẹ́ olórí ni kó kà, kó kọ, kó sì fọwọ́ sí i.

Ìyá Rọra kò bínú. Ó wo ìlà náà fúngbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wo ìdì aṣọ tí iye rẹ̀ kò dá a lójú. Gbólóhùn kan ló bá ara rẹ̀ sọ nínú: bí ọ̀nà bá jẹ́ mẹ́rin, tí èèyàn sì jẹ́ mẹ́rin, kò sídìí tí wọ́n á fi máa tún un tẹ̀. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

"Ó pé," ó sọ. "Ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbèsè tí mo jẹ ló ṣáájú."

"Mo fi ṣeré ni o, Màmá!"

"Eré tó bọ́ sí i ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ yàrá àpò pupa ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, apá rẹ̀ kò lè gbé ìkòkò omi sórí ààrò nílé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti rántí bí wọ́n ṣe ń dúró kó má fa ẹ̀yìn. Ó máa ń jáde ní aago méjì láti fọwọ́ sí ìwé àwọn tó kù, á sì padà síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ta ló fìyà jẹ yín?" Ó dá a lóhùn pé òun ń san nǹkan. Ìyàwó wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ kóun tó kọjá. Ìyá Rọra fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Láti inú, ó béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn báyìí. Ìyàwó dáhùn láti ìta pé ọrùn aṣọ ni, pé olùkọ́ ní tòun ló tẹ́jú jù. Ìyá Rọra ní kó má pẹ́ débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fọ ọpọ́n méjèèjì, ó sá ìbọ̀wọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró yí tábìlì ká. Ìwé tuntun wà níwájú wọn, ìlà mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin. Ìyá Rọra ní kí Àǹtí Awò tẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn. Owó fò sókè, ó yí, ó dùbúlẹ̀: ẹ̀yìn. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ó ti ku Ìyàwó àti Màmá." Àǹtí Awò tún un tẹ̀.

Orí.

Wọ́n kà á lórí ìwé bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn, orí: Ìyàwó. Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Àǹtí Awò wo Ìyá Rọra, ó ń retí pé yóò sọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ Ìyá Rọra sì fẹ́ gbéra lóòótọ́, ó mọ̀ ọ́n lára. Ó dúró síbi tó wà.

Ìyàwó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wò bóyá wọ́n gùn bákan náà. "Ọ̀kan nínú mẹ́rin," ó sọ. "Ó mú mi. Kò burú. Ọ̀sẹ̀ kan yìí ni, màá sọ fún olùkọ́ wa kí n tó wọlé, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ láti ọjọ́ yẹn, ó máa gbà fún mi." Ó mú ìbọ̀wọ́ lórí ìṣó, ó ń wọ̀ ọ́ lọ, ó yíjú padà. "Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ má fojú àánú wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá ẹ̀yin ló kàn."

"Ẹnu ẹ á bó!"

"Àpò pupa ló máa bó ìka tiyín."

Ìyá Rọra ṣí ìwé sí ojú ewé tó kọ gbèsè sí. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ti fa igi kọjá lórí. Ó wò ó bóyá ó ku ibì kan, kò ku. Ó pa ìwé dé, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, ó fa ìdì aṣọ àkọ́kọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.